Àṣèyíṣàmọ́dún Ìyá Kíkí ní Ìrìn Àwọn Júù

Bí ọjọ́ ìbí bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá tó wà ní Garland, lẹ́bàá Dallas, bí ẹnì kan bá ń ṣí ilé tuntun, tàbí tí ọmọ ẹnì kan gboyè jáde ní yunifásítì, Ìyá Kíkí ni wọ́n máa ń pè pé kó wá fi àdúrà kádìí rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa gbàdúrà títí oúnjẹ yóò fi tutù. Tirẹ̀ kì í gùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń dé ìparí, ohùn rẹ̀ á gòkè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á lọ sókè, á ní, "Ẹ ó ṣe èyí, ẹ ó ṣe ti àmọ́dún!" Ilé á dáhùn pé, "Àmín!" "Ẹ ó ṣe é, ọmọ yín á ṣe é!" "Àmín!" "Kò ní í tán nílé yín!" Àmín tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ọmọdé máa ń ké jù, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìrẹsì ló kàn.

Sísítà Josephine, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló sọ ọ́ ní Ìyá Àṣèyí.

"Ìyá Àṣèyí," ló wí lọ́jọ́ tí òun ṣí ilé tirẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ìyẹn lónìí o. Ilé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa gbá láyé mi."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Kíkí náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún un rí pé àdúrà rere lè di èpè bó bá bọ́ síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ọ́, kò ní í gbà.

Ọmọ́ládé ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ kí a tún arúgbó kọ́ ní ìrìn ló ń ṣe. Ẹni tó bá ṣubú, tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tán, òun ni ọ́fíìsì rẹ̀ máa ń rán sí irú wọn nílé. Ó ní ìgbànú kan tó fẹ̀, tó ń dì mọ́ aláìsàn níbàdí, tí yóò sì máa fà á mú láti ẹ̀yìn bí onítọ̀hún bá ń tẹsẹ̀. Ìgbànú náà kì í kúrò nínú mọ́tò rẹ̀. Opó ni. Àìsàn kíndìnrín ló mú Adéfọlá, ọkọ rẹ̀, lọ. Gbogbo ìjọ ló gbààwẹ̀ nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ sì gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí Adéfọlá kú, ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù. Ohun tó sọ fún àwọn ènìyàn nìyẹn. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀, kò sọ ọ́ sókè.

Lẹ́yìn Kérésì ọdún kan ni wọ́n rán an sí Miriam. Ìyá Júù ni Miriam, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń dá gbé ní àríwá Dallas. Ó gun àpótí láti mú abọ́ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, àpótí yẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Èèyàn kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ ló ga.

"Kí lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yín lè ṣe, Mama?" ni Ìyá Kíkí bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n Ìyá Kíkí kò mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀wọ̀, èdè yòówù kó jẹ́.

"Èmi kọ́ ni ìyá rẹ."

"Ẹ má bínú, ma. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pe àgbà lórúkọ lásán."

"Kí lẹ wá ń pè é?"

"Ìyá."

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá ẹni tó bá wà nítòsí."

Miriam wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ìyá ẹni tó bá wà nítòsí fẹ́ rin ìrìn kan ní oṣù kẹta. Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi rìn ín. N kò fẹ́ àga onítáyà."

Báyìí ni Ìyá Kíkí ṣe gbọ́ nípa Ìrìn Ìdúrótì. Bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, tí Miriam di wọ́kà onírin mú níwájú, tí Ìyá Kíkí di ìgbànú mú lẹ́yìn, ni Miriam ń sọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó ní àárọ̀ Sátidé kan, Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù, ni ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé sínágọ́gù, wọ́n bá ọ̀dà dúdú lára ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èébú kan sí àwọn Júù, tí Miriam kò jẹ́ kó ti ẹnu òun jáde títí dòní. Ọkọ rẹ̀ ni alága sínágọ́gù nígbà náà. Àwọn kan ti gbé omi àti búrọ́ọ̀ṣì jáde, wọ́n ní kí àwọn fọ̀ ọ́ kí àwọn ọmọdé tó dé. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí àwọn ọmọ rí i, kí wọ́n má gbọ́ ọ láàbọ̀. Lọ́jọ́ kejì, òjò ń rọ̀, díẹ̀ nínú wọn tò láti ẹnu ilẹ̀kùn náà, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí sínágọ́gù kejì tó wà ní òpópónà ọ̀hún. Kò sí orin, kò sí àsíá. Obìnrin Onítẹ̀bọmi kan jáde nílé rẹ̀ pẹ̀lú agbòjò àti sílípáàsì, ó ní kí ló dé. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, kò padà wọlé mọ́, ó bá wọn lọ.

"Pẹ̀lú sílípáàsì?" ni Ìyá Kíkí bi í.

"Pẹ̀lú sílípáàsì. Aláwọ̀ ewé. Ó rìn ín bà jẹ́ pátápátá."

Ó ní lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wó àwọn òkúta orí ibojì nínú itẹ́ òkú wọn, wọ́n bá tún rìn. Láti ìgbà náà, kò dẹ́kun mọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú gbé bọ́ọ̀sì wá láti DeSoto. Ọdún kan wà tí ìbọn dún nínú sínágọ́gù kan ní ìlú tó jìnnà. Láti ọdún yẹn ni ọlọ́pàá ti ń dúró lórí òrùlé. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń fun fèrè. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ ilẹ̀kùn, súwíìtì tí wọ́n ń jù fún wọn lójú ọ̀nà ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń pè é ní páréèdì.

"Ìrìn ni," ni Miriam wí. "Ẹni tó bá pè é ní páréèdì, bi í léèrè ohun tó ń yọ̀ fún."

Ohun kan wà tí Miriam sọ lọ́jọ́ kan, tí a gbọ́dọ̀ sọ níhìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù kejì, ọkọ òun gun àtẹ̀gùn, gbogbo aṣọ rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ló sì sọ: "Ẹ ṣeun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún ní ìdí láti ṣe irú èyí mọ́." Gbogbo wọn ṣe àmín. Ó ní láti ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń parí ìrìn, bí ọkọ òun tilẹ̀ ti kú.

Lákòókò tí Miriam ń sọ èyí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ojú Ìyá Kíkí wà lára ẹsẹ̀ náà. Ó ń ka ìgbésẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ń ronú pé kí òun dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tó kàn ní DeSoto kí ọ̀nà freeway tó dí.

"Àmín, Mama," ló wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì. Ẹ má wọ́ ọ."

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìrìn náà pé, Miriam ní ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé ó ti tó ọdún bíi mélòó kan tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí ti ọdún yìí bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn kò ní í dí ọ̀nà lọ́dún tó ń bọ̀. Igi ni àwọn yóò gbìn sí àgbàlá sínágọ́gù, àwọn yóò sì jọ jẹun. "Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín," ló wí. "Èyí tó kẹ́yìn ni."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ Yorùbá ń gbọ́ bí arúgbó bá ní èyí tó kẹ́yìn ni.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Ìyá Kíkí ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìgbànú sílẹ̀. "Ẹ ò ní í rin ìkẹyìn o, Mama! Ẹ ó rìn ín, ẹ ó tún un rìn!"

Miriam ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé, ó wá pa á dé. Ó rò pé àwàdà ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ní kí Ìyá Kíkí wá gbàdúrà ní ìparí ìrìn, ní orúkọ àwọn aládùúgbò. "Ìwọ lo gbé mi dìde," ló wí. "Ìwọ ni mo fẹ́. Kó ṣe ṣókí."

Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rù ti bà á kọ́ ni ewu wà. Ẹ̀rù orúkọ Jésù ló ń bà á. Bó bá pè é láàárín àwọn Júù, yóò dà bíi pé ó wá fi ẹnu ọ̀nà wọn ṣe ibi ìwàásù. Bí kò bá sì pè é, kí ni yóò pe ara rẹ̀? Ó lọ bá Páásítọ̀ Gbéminíyì.

"Ìyá Kíkí, ta lẹ fẹ́ gbàdúrà sí?"

"Ọlọ́run ni, sà."

"Ṣé Ọlọ́run ò mọ orúkọ Ọmọ rẹ̀ ni, tí ẹ ò bá rán an létí?"

Ọ̀rọ̀ náà mú un rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Páásítọ̀ fi kún un pé ìjọ kò ní í jẹ́ kó dá lọ, àwọn yóò gbé bọ́ọ̀sì, Díákónì Ìbíkúnlé yóò sì mú ìwo àgbò rẹ̀ dání. Díákónì yìí ti lọ sí Jerúsálẹ́mù rí, ó ti fi JP sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìpàdé tí kì í fun ìwo tó rà bọ̀ níbẹ̀.

"Mummy, no," ni Kíkí wí lórí fóònù láti Denton, níbi tó ti ń kàwé. Òkìkíolúwa lorúkọ rẹ̀, Dallas ni wọ́n bí i sí. "Uncle JP and the horn? Mummy, please. Èmi ò ní í dúró tì yín o."

"Wàá dúró tì wá. Ṣé ìwọ lo bí ara ẹ ni?"

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bí Ìyá Kíkí bá ti ń wakọ̀, ó ń kọ́ ẹnu rẹ̀: ní orúkọ Rẹ mímọ́, ní orúkọ Rẹ mímọ́. Nígbà mìíràn Jésù á já lu àárín rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì í bí ẹni tó sẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nídìí iná àwọn ẹlòmíràn. Kò wá rántí kó fi ojú ṣọ́ ibòmíràn.

Ọjọ́ náà pé. Atẹ́gùn oṣù kẹta ń fẹ́, oòrùn mú. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lu ìlù, wọ́n ń fun kàkàkí. Ọlọ́pàá gun ẹṣin. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ajá lọ́rùn. Súwíìtì ń fò lókè bí yìnyín. Ìyá Kíkí wò yíká, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ọdún lèyí!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé wọ́n kú ọdún. Àwọn kan dáhùn, àwọn kan kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Miriam sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò níbi tí ọ̀nà ti ku díẹ̀. Ó di wọ́kà mú, Ìyá Kíkí di ìgbànú mú. Wọ́n rìn ín dé òpin. Nígbà tí ìyá náà tẹ ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn ń nu ojú. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún Ìyá Kíkí ní máìkì.

Àdúrà náà dùn. Ó dúpẹ́ nítorí ẹsẹ̀, ó dúpẹ́ nítorí aládùúgbò, ó dé "ní orúkọ Rẹ mímọ́", Jésù kò sì já lù ú. Ayọ̀ pé òun ti bọ́ nínú rẹ̀ gbé e lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kó tó mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wà lókè. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni gbogbo ara rẹ̀:

"Ẹ ó ṣe èyí, ẹ ó ṣe ti àmọ́dún!"

"Àmín!" ni àwọn ará Garland ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹ ó ṣe é, ọmọ yín á ṣe é, ọmọ ọmọ yín á ṣe é!"

"Àmín!"

"Ohun tó mú yín jáde lónìí kò ní í tán nílé yín láéláé!"

"Àmíín!" Díákónì Ìbíkúnlé gbé ìwo sẹ́nu, ó fun ún kíkan-kíkan.

Nígbà tí ìwo dákẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn onílé tó lanu. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó jọ ikọ́. Rábì ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá Kíkí yíjú sí Miriam kó lè rí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Miriam ti tẹrí ba, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Bàbá arúgbó kan wá gba máìkì, ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń parí ìrìn, kíákíá, láìgbé ojú sókè. Àmín tí wọ́n ṣe sí i kò dé ojú títì.

"Ṣé mo pè é ni?" ni Ìyá Kíkí sọ wúyẹ́wúyẹ́ sétí Josephine.

"Pe ta ni?"

"Jésù. Ṣé ó já bọ́ lẹ́nu mi?"

"Ẹ ò pè é rárá. Ẹ ṣe é dáadáa. Ó jọ pé wọn kì í ṣe àmín bíi tiwa ni."

Inú mọ́tò ni Kíkí ti là á yé e. Ó ti bo ojú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọ inú rẹ̀.

"Mummy, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ gbàdúrà?"

"Kí ni mo gbà? Mo ní wọn ó ṣe ti àmọ́dún."

"Mummy, àwọn tó ń kọlù wọ́n ló jẹ́ kí wọ́n máa rìn. Wọ́n fẹ́ kó stop. Ẹ gbàdúrà pé kó máa ṣẹlẹ̀ sí wọn every year. And their children. Everybody heard it."

Ìyá Kíkí fẹ́ sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ìgbà yẹn ló rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Miriam, ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́ nílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí òun ṣe àmín sí láìgbọ́ ọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń yà sí Garland kọjá, kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ní kí ọ́fíìsì rán ẹlòmíràn sí Miriam, ó ní ọ̀nà jìn. Ọ̀nà náà kò jìn ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Miriam pè é, kò gbé e. Ó tún pè, ó fi ohùn sílẹ̀, Ìyá Kíkí pa ohùn náà rẹ́ láìgbọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má bẹ̀rù ìgbésẹ̀ ni o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá pè é sí àdúrà ìparí, á gbà á tán láìgbọ́wọ́ sókè, á jókòó. Àwọn ọmọdé á ṣì máa wo ẹnu rẹ̀, wọn kò mọ̀ bóyá ìrẹsì ti kàn tàbí kò tíì kàn.

"Ìyá Àṣèyí, àdúrà yín kò ní ìrù mọ́," ni Josephine wí.

"Ọ̀fun ń dùn mí."

"Láti oṣù kẹta?"

Ó dìde lọ bu ìrẹsì fún àwọn ọmọdé.

Ọdún yí, oṣù kìíní dé. Ó dúró níbi tó ti ń ra epo mọ́tò, ó ń wo fóònù bí ẹ̀rọ ti ń fà, ó rí i pé ẹnì kan ti da epo sí ilẹ̀kùn sínágọ́gù kan ní àríwá Dallas, ó sì ti ṣáná sí i. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ó mọ ilẹ̀kùn náà nínú àwòrán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dúdú. Òun náà ni wọ́n kùn ní ọ̀dà lọ́jọ́sí. Ìgbìmọ̀ ní igi gbíngbìn di ìgbà mìíràn. Ìrìn yóò wà.

Ẹ ó ṣe ti àmọ́dún. Àmín.

Ó wọ mọ́tò, kò sì lè tan án. Àdúrà ló fẹ́ gbà, ohun mìíràn ló jáde.

"Baba," ló wí, "mo gbààwẹ̀ nítorí Adéfọlá. Mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nígbà yẹn. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. O ò dáhùn. Èyí tí mo ṣì gbà, tí n kò mọ ohun tí mo ń sọ, ṣé èyí lO wá gbọ́?"

Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fun fèrè fún un pé kó sún síwájú. Kò tún gbọ́ ohùn mìíràn.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri fún ọjọ́ mélòó kan. Ìtìjú lílọ pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ẹni tó bá gbọ́ ibi nílé ojúlùmọ̀ rẹ̀ tí kò lọ kí i, onítọ̀hún ti kúrò ní ojúlùmọ̀. Ó wakọ̀ lọ ní ọwọ́ òfìfo.

Miriam fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ọ̀pá kan ṣoṣo ló fi ń tilẹ̀. "O pẹ́," ló wí.

Ìyá Kíkí kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Dìde. Bí o bá há síbẹ̀, n kò lè gbé ọ. Ìbàdí onírin ni mo ní."

Ó dìde. Wọ́n jókòó sí ilé ìdáná. Ó sọ gbogbo rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gba àdúrà náà nílé, bí òun ṣe rò pé ọdún ni, bí iná ṣe jó lẹ́yìn rẹ̀. "Àdúrà mi ló ṣẹ, ma."

"Ṣé o rò pé láti Garland ni Ọlọ́run ti ń gba àṣẹ?"

"N kò mọ̀, ma. N kò mọ bó ṣe ń gba nǹkan mọ́."

"Èmi náà kò mọ̀," ni Miriam wí. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbé epo lọ síbẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Má gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ foríjì mí, ma."

"Nítorí àdúrà? Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo bínú fún ọjọ́ méjì péré. Ohun tó dùn mí kì í ṣe ìyẹn." Ó nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi fún ọ níbẹ̀ yẹn. N kì í sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. O ní àmín. O ò gbọ́ ọ."

"N kò gbọ́ ọ, ma. Ẹsẹ̀ yín ni mo ń kà."

"Mo mọ̀. Lẹ́yìn náà o sá fún mi. Ọkùnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ ń wo fóònù bí mo ti ń rìn. Mo lè ṣubú, kó mọ̀ ní ọjọ́ kejì."

Ẹ̀rín ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà pa á, omi ló jáde lójú rẹ̀. Kò sí ohun tí ìtìjú rẹ̀ lè sá sí mọ́. Kì í ṣe ahọ́n ló ṣì í lọ́nà mọ́, etí ni. Odidi oṣù ló fi di ìyá ẹni mú níbàdí, kò gbọ́ ẹnu rẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, Miriam sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Gbé ìgbànú dání lọ́jọ́ ìrìn," ló wí. "Onífèrè yẹn, jẹ́ kó jókòó sílé."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má fún mi ní máìkì, ma."

"Ta ló fẹ́ fún ọ?"

Lọ́dún yẹn, kò sí ìlù, kò sí súwíìtì. Iwájú ilẹ̀kùn tó jó náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò tíì lọ tán. Páásítọ̀ wá, Josephine wá. Díákónì Ìbíkúnlé náà wá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpò, ojú rẹ̀ kò wá ojú ẹnikẹ́ni. Kíkí dúró ti ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ìyá Kíkí di ìgbànú mú, kò ka ìgbésẹ̀ kankan. Ó ń gbọ́. Ó gbọ́ bàtà lórí ọ̀dà títì, ó gbọ́ èémí Miriam, ó gbọ́ bí obìnrin kan lẹ́yìn wọn ṣe ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ìdí tí kò fi sí súwíìtì.

Miriam ló sọ ọ̀rọ̀ ìparí. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn níbi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí, ó ní, "Ẹ ṣeun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún ní ìdí láti ṣe irú èyí mọ́."

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sì jáde lẹ́nu Ìyá Kíkí, jẹ́jẹ́, kó tó rò ó: "Ọlọ́run á jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀."

Ó gbọ́ ohun tó sọ, ojú sì tún tì í ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ nílé ọ̀fọ̀. Òun ni gbogbo ìjọ ń sọ fún un bí wọ́n ti ń tò wọlé nígbà tí Adéfọlá kú. Ọ̀rọ̀ tó bá ibẹ̀ mu wà nínú èdè rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Kò ṣe aláìní in. Ìlù àti súwíìtì ló wò, ó mú ọ̀rọ̀ ọdún lọ sílé ọ̀fọ̀.

Kò mọ̀ bóyá èyí dé ibi tó ń lọ. Kò tún bi Ọlọ́run léèrè. Ó ṣe àmín pẹ̀lú àwọn yòókù, ohùn rẹ̀ kò ju tiwọn lọ.

Bí wọ́n ti ń padà sí ibi mọ́tò, ẹsẹ̀ òsì Miriam ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ́. Ó dúró láti mí.

"Tó bá di àmọ́dún," ló bẹ̀rẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó wo Ìyá Kíkí lójú. "Ìwọ, má dá mi lóhùn."

Ìyá Kíkí tẹrí ba. Ó fún ìgbànú náà le díẹ̀ sí i, ó dúró dè é títí ó fi ṣe tán láti gbé ẹsẹ̀.